Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Baba Ògbufọ̀

Nígbà tí a wẹ òkú Baba àgbà mi tán, ìjà kékeré kan ṣẹlẹ̀ nínú yàrá lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Bí a ti máa ń ṣe fún òkú, aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni à ń gbà lábẹ́ àgbọ̀n, tí a ó so ó mọ́ àtàrí, kí ẹnu má bàa là sílẹ̀. Ẹni tó ń so ó ń rọra ṣe é, bí ẹni tí kò fẹ́ dun arúgbó. Ni àbúrò wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Baba Kékeré, bá já aṣọ náà gbà.

"So ó le! Ìwọ ò mọ ọkùnrin yìí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Bí o bá so ó dẹ̀, kí àwọn áńgẹ́lì tó bi í ní ìbéèrè kejì, á ti máa túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn òkú tó kù."

Báyìí ni ẹ̀rín ṣe ṣáájú ẹkún wọ ilé wa. Mo sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Mi ò ní í sọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò tilẹ̀ mọ ọdún tí a bí wọn, àwọn náà ò sì mọ̀ ọ́n: bí ìjọba bá ti ń yí padà ni ọjọ́ orí wọn ń yí padà. Oyèdélé ni orúkọ àbísọ wọn, ṣùgbọ́n ní Ṣábẹ̀ẹ́, Baba Ògbufọ̀ ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Ní ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n ti kọ́ Faransé, nígbà tí wọ́n ń ké orúkọ ìlú fún àwọn èrò ọkọ̀. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, tí wọ́n sì sọ pé ayé ti di ti ará ìlú, ó di dandan kí ẹnì kan máa sọ ọ́ fún ará ìlú ní èdè tí ará ìlú gbọ́. Àwọn aláṣẹ a ti Kútọnu, ìlú tí ìjọba wà, dé, wọ́n a kó àgbẹ̀ jọ láti abúlé Kábùà àti Sákìn, wọ́n a sọ Faransé fún wọn títí òòrùn á fi yẹ̀. Àárín Faransé náà àti etí àwọn àgbẹ̀, ẹnu Baba àgbà mi ni afárá.

Wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ẹ má jẹ́ kí n fi ikú wọn purọ́ fún yín: wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Bí wọ́n bá di mikoró, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, mú, ọrùn wọn a gùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fò. Lọ́jọ́ kan, delegé tí ìjọba fi ṣe olórí àgbègbè wa sọ pé "diyalẹtíìkì" ló ń ti ayé síwájú. Baba àgbà là á yé àwọn ènìyàn pé ìyẹn ni ìjà àwọn nǹkan méjì tí wọ́n ń gbé inú ilé kan náà, tí ìjà wọn sì ń mú ilé tẹ̀ síwájú.

Bàbá àgbẹ̀ kan láti Kábùà na ọwọ́ sókè. "Ṣé bí ìyàwó méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wá torí ìyẹn jó epo láti Kútọnu?"

Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n fi ń gbìyànjú láti gba ọ̀rọ̀ náà padà lọ́wọ́ àgbẹ̀ yìí, kò sì ṣeé ṣe. Nígbà tí a délé, wọ́n jókòó, wọ́n ń fi ọwọ́ pa iwájú etí wọn. Wọ́n ní: "Bí ọ̀rọ̀ bá tóbi ju ẹnu lọ, ẹnu ló ń ya."

Mo rò pé òwe lásán ni wọ́n pa. Àìsàn ni wọ́n ń sọ.

Sákìn ni ó ti kọ́kọ́ hàn sí gbogbo ayé. Bí Baba àgbà bá ti la ẹnu níwájú mikoró, ẹ̀rọ a dún: kọ́! Bí wọ́n bá pa á dé: kọ́! Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ tú u palẹ̀, ó nù ún, ó tún un tò. Wọ́n la ẹnu: kọ́! Ìgbà náà ni a mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń dún, oríkèé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Baba àgbà ni. Láìpẹ́, ìrora ti ibẹ̀ dé etí, ó gun orí. Wọn ò lè jẹ iṣu mọ́. Obì tí wọ́n fi ń jí láràárọ̀ di ohun àwòmójú. Ìrèké, tí wọ́n máa ń fi eyín bó bí ẹni tó ń bínú sí i, di ti àwa ọmọ ilé.

Wọ́n kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru eyín kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn. A yọ eyín náà, kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ìrora dúró síbi tó wà. Ìdájọ́ ayé ìgbà náà ni: a kọ́kọ́ yọ ọ́ ná, ẹ̀yìn náà la ṣèwádìí. Ìyá àgbà mi, tó ti gbé pẹ̀lú ẹnu yìí láti ìgbà èwe wọn, wo ọkọ rẹ̀ tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú tí kò lè sọ̀rọ̀, ó ní: "Mo bẹ Ọlọ́run pé kó dín in kù díẹ̀. Mi ò ní kó kó o lọ pátápátá."

Èmi ni mo mú wọn lọ sílé ìwòsàn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀ nígbà náà, ará Àgbómẹ̀ ni, Sẹ́nàmi lorúkọ rẹ̀. Ìjọba ti rán an lọ sí ìlú olótùútù kan kó lọ kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tún oríkèé àti iṣan ṣe. Kiné ni à ń pe irú wọn. Àwọn tó kán lẹ́sẹ̀ ni ó sábà máa ń rí. Nígbà tí Baba àgbà jókòó síwájú rẹ̀, ó fi ìka méjì méjì kan iwájú etí wọn, ó ní kí wọ́n la ẹnu díẹ̀díẹ̀. Àgbọ̀n wọn yà bàrá sí òsì bíi ti ewúrẹ́ tó ń jẹ̀.

Ó tẹ ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n fò sókè.

"Baba, ó le bí òkúta. Ìgbà wo ni eyín yín tòkè tìsàlẹ̀ máa ń kan ara wọn?"

"Ìgbà gbogbo. Eyín ṣá ni."

"Rárá o. Àfi tí ẹ bá ń jẹun. Kí ètè pàdé, kí eyín yà. Bó ṣe yẹ kí ẹnu sinmi nìyẹn."

Baba àgbà rò ó. "Ní ìpàdé ńkọ́?"

"Kí lẹ máa ń ṣe ní ìpàdé?"

"Mo máa ń há a mọ́ra."

"Kí ló dé?"

Wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wá wo èmi, bí ẹni pé èmi náà lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba. Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: "Kí ohun tí mo rò nípa ọ̀rọ̀ náà má bàa ṣáájú ọ̀rọ̀ náà jáde."

Sẹ́nàmi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìdí àìsàn náà nìyẹn.

Ohun tó ní kí wọ́n ṣe kò ju agbára ènìyàn lọ. Kí wọ́n ki aṣọ bọ omi gbígbóná, kí wọ́n fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí wọ́n fi orí ahọ́n kan òkè ẹnu, lẹ́yìn eyín iwájú, kí wọ́n wá máa la ẹnu díẹ̀díẹ̀ níwájú dígí, kí àgbọ̀n sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ láìyà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí wọ́n fi ìkúùkù ti àgbọ̀n lábẹ́ díẹ̀, kí ẹnu wá fi agbára là. Bí wọ́n bá fẹ́ yán, kí wọ́n fi ọwọ́ gbé àgbọ̀n dúró. Kí wọ́n má jẹ ohun líle. Kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀ pẹ́: gbólóhùn kúkúrú, ìsinmi, gbólóhùn kúkúrú.

Baba àgbà, tí kò lè dá nǹkan kan ṣe láé, kó gbogbo ilé sínú ìtọ́jú náà. Láràárọ̀, èmi, Ìyá àgbà, àti àwọn àbúrò mi á tò síwájú dígí, a ó fi ahọ́n kan òkè ẹnu, a ó máa la ẹnu bí ẹja. Aládùúgbò kan yọjú lórí ògiri, ó rí wa, ó yára lọ. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń sọ ọ́ lọ́jà pé ìkíni tuntun ti dé láti Kútọnu, àti pé ilé Baba Ògbufọ̀ ti ń kọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì, mo rí ọkùnrin méjì tí wọ́n la ẹnu sí ara wọn lójú ọ̀nà, wọ́n pa á dé, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Baba àgbà, wọ́n ní: "Má là wọ́n lóye. Ìyẹn ni ìkíni àkọ́kọ́ látọ̀dọ̀ ìjọba tí yóò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní."

Àmọ́ nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yá, Baba àgbà rí i pé àìsàn náà dára. Ní ayé ìgbà yẹn, ìpàdé kan ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ké "Ẹhúzú!", kí gbogbo ènìyàn dáhùn "Dándan!", ìyẹn ni pé ayé ti yí padà, dandan ni. Wọ́n a ké e ní àkétúnké. Baba àgbà a kàn fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n a mi orí. Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe bá dé, wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, bí ẹni pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni a fi ń gbẹ́ kòtò. Ìyá àgbà bá bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n wà láti àárọ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ògbufọ̀ wọn náà wá kúrú. Delegé a sọ̀rọ̀ títí omi á fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, a fi ọwọ́ gún afẹ́fẹ́, a gbá tábìlì. Baba àgbà a dìde, wọ́n a ní: "Ó ní ẹ kú iṣẹ́." Wọ́n a jókòó. Àwọn àgbẹ̀ a pàtẹ́wọ́ bí òjò, nítorí wọn ò tíì gbọ́ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí láti Kútọnu.

Delegé yíjú sí wọn. Àgbà ò sí lójú rẹ̀. "Ìwọ" ló ń pe gbogbo ayé, ó ní kamaráàdì ni gbogbo wa. "Ṣé gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn?"

"Kamaráàdì," ni Baba àgbà wí, "èdè wa kúrú, ṣùgbọ́n ó jìn."

Ẹnì kan ṣoṣo ní Ṣábẹ̀ẹ́ ni kò gbà pé Baba àgbà gbọ́ èdè, Àlàájì Rájí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlàájì, wọ́n ti ń ta aṣọ àti nǹkan ìsebẹ̀ nítòsí ọjà wa kí a tó bí bàbá mi. Àwọn méjèèjì jọ máa ń ta ayò níwájú ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, Baba àgbà ní kí n lọ ra pẹ́ǹ wá. Àlàájì rẹ́rìn-ín.

"Pẹ́ǹ? Kí ni pẹ́ǹ? Ẹ̀yin ará ibí ti ba Yorùbá jẹ́. Búrẹ́dì lorúkọ rẹ̀."

"Búrẹ́dì!" Baba àgbà gbé ọmọ ayò sílẹ̀. "Ta ló kọ́ yín ní ìyẹn? Ṣebí òyìnbó ni."

"Ta ló kọ́ yín ní pẹ́ǹ?"

Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó méjì kó wá láti òkun, òun ni àgbà méjì fi ń lérí sí ara wọn nítorí Yorùbá ògidì. Àlàájì ní gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oyin ta létè. Baba àgbà da ayò náà nù. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò kí ara wọn mọ́. Òjò ọdún náà rọ̀, ó dá, ọyẹ́ dé, wọn ò sọ̀rọ̀. Bí mo bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó tán, èsì kan ni wọ́n ń fún mi: "Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jẹun kò gbọdọ̀ kọ́ mi bí mo ṣe máa pe oúnjẹ."

Lẹ́yìn náà ni iyọ̀ wọ́n. Ọbẹ̀ gbogbo ìlú tẹ́. Gbogbo ènìyàn ló sì mọ ibi tí iyọ̀ wà: ó wà nínú fàgọ́n kan, ọkọ̀ ẹrù tí rélùwéè ń fà, tó dúró sí ibùdókọ̀ ojú irin, tí a ti fi kọ́kọ́rọ́ tì pa. Ọ̀gá tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sí Kútọnu, ó lọ gba ẹ̀kọ́ lórí bí a ti ń sin ará ìlú, ẹ̀kọ́ náà ò sì tíì tán. A ò lè ṣí fàgọ́n láìsí i, a ò sì lè sọ pé ọ̀gá ni kò sí. Kò sí ohun tó kù ju pé kí a wá ẹni tó jẹ̀bi.

Lákòókò náà gan-an ni Sẹ́nàmi ní kí Baba àgbà ki ìka wọn mẹ́ta bọ ẹnu ní òró. Ó wọlé láìdún, láìdùn. Sẹ́nàmi pàtẹ́wọ́. "Ẹ ti bọ́, Baba! Ẹ lè sọ̀rọ̀ bó ṣe wù yín."

Inú wọn ò dùn. Ojú wọn rí bíi ti ẹni tí a gba àga lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n rọra sún mọ́ ọn: "Ọmọ mi, ṣé o ò lè fi díẹ̀ sílẹ̀ fún mi?"

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni delegé pe ìpàdé ní pápá tó wà nísàlẹ̀ òkè. Èmi náà wà níbẹ̀. Wọ́n kó àwa ọmọ kolẹ́ẹ̀jì wá láti ṣe èrò. Àwọn àgbẹ̀ ti oko dé tààrà, àdá wọn wà lọ́wọ́. Níwájú, lórí bẹ́ǹṣì kan, Àlàájì Rájí jókòó láàárín ṣandáàmù méjì, àwọn ọlọ́pàá oníbọn, fìlà ò sí lórí Àlàájì. Lẹ́sẹ̀ wọn ni àpò iyọ̀ kan tó ti dín kù wà, iyọ̀ tí àwọn ìyàwó àti ọmọ wọn ń jẹ.

Delegé sọ̀rọ̀ ní Faransé. Ní ọjọ́ náà, kò sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo gbọ́ ọ, mo sì fẹ́ kí n má gbọ́ ọ. Ó ní: "Ẹ wo ọ̀tá yín. Àlejò ni, ó wá mu ẹ̀jẹ̀ yín. Òun ló kó iyọ̀ yín pamọ́. Ìjọba kò ní í dá a lẹ́jọ́, nítorí ẹ̀yin ni ìjọba. Ilé rẹ̀ nìyẹn. Òun náà nìyí."

Ó pa ẹnu dé. Àwọn àgbẹ̀ ń wo Baba àgbà, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Baba àgbà dìde. Wọ́n di mikoró mú. Wọ́n la ẹnu, àgbọ̀n wọn sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ, kò dún rárá. Wọ́n tún pa á dé.

"Túmọ̀ rẹ̀," ni delegé wí.

"Mi ò ní í túmọ̀ rẹ̀."

Delegé wo wọ́n. Mo rò pé òun náà fẹ́ ọ̀nà tí kò ní í tì í lójú. Ó ní: "Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ tún ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ló mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ohun tó kù kò ju kí wọ́n gbé ọwọ́ kan sókè lọ. Mo rí ọwọ́ náà: ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó dé àyà. Mo ń fi ọkàn tì í. Ó dúró síbẹ̀, ó sì padà sísàlẹ̀.

"Rárá, kamaráàdì," ni Baba àgbà wí. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti sàn. Èmi ni mi ò ní í túmọ̀ rẹ̀."

Wọ́n gbé mikoró kalẹ̀, wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlàájì. Wọn ò kí ara wọn.

Delegé, tó jẹ́ ará ìhà àríwá lọ́hùn-ún, kò gbọ́ èdè wa. Ó na ìka sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan: "Ìwọ, wá túmọ̀ rẹ̀." Ọ̀gá náà dìde. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fi lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Kamaráàdì, ó ń dùn mí." Delegé na ìka sí akọ̀wé mẹrí, ilé iṣẹ́ ìjọba ìlú. Akọ̀wé ti di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú kí ìka tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wá yíjú sí àwa ọmọ kolẹ́ẹ̀jì: gbogbo wa la ti di tiwa mú. Kò sí ẹni tó gbọ́ Faransé ní pápá náà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ò dùn. Sẹ́nàmi nìkan ni kò di nǹkan kan mú. Ó bojú, ẹ̀rín ń gbọn èjìká rẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ dúró. Òòrùn ń pa wọ́n. Nígbẹ̀yìn, ìyá arúgbó kan dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Bí Faransé bá ti tán, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe bí Faransé bá tán, wọ́n gbé àdá wọn, wọ́n lọ. Àlàájì náà pàtẹ́wọ́, nítorí wọn ò mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe tán bẹ́ẹ̀.

Àlàájì padà sí ṣọ́ọ̀bù wọn, ọkọ̀ delegé sì gbé Baba àgbà lọ sọ́dọ̀ àwọn ṣandáàmù. Lórí símẹ́ńtì ni wọ́n ń sùn, àgbàdo sísun gbígbẹ ni oúnjẹ wọn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a fi sùúrù tún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í há padà. Sẹ́nàmi lọ síbẹ̀, ó dúró síwájú ọ̀gá wọn. "Owó ìjọba ni wọ́n fi kọ́ mi, ọwọ́ mi ló sì tún ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ṣe. Bí ẹ bá bà á jẹ́, dúkìá ìjọba lẹ bà jẹ́." Ọ̀gá ronú lórí ìyẹn, ẹ̀rù dúkìá ìjọba sì bà á. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kọ gbígbóná ni Baba àgbà ń mu, wọ́n sì ń fún wọn ní aṣọ àti omi gbígbóná.

Àlàájì náà ń fi nǹkan rán Ìyá àgbà sí wọn. "Ẹ sọ fún un pé búrẹ́dì nìyí." Baba àgbà a bu ú, wọ́n a ki í bọ inú ẹ̀kọ kó rọ̀. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Sọ fún un pé pẹ́ǹ náà dùn."

A dá wọn sílẹ̀ nígbà tí àwọn àlejò ńlá fẹ́ bẹ Ṣábẹ̀ẹ́ wò, tí kò sì sí ògbufọ̀. Àwọn tó kù tó gbọ́ Faransé ṣì ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ọ̀gá tó ní kọ́kọ́rọ́ ti dé, a ti ṣí fàgọ́n. Òjò ti wọ inú rẹ̀, iyọ̀ ti dì bí àpáta, ọkọ́ ni a fi fọ́ ọ. Redió ní ìṣẹ́gun ará ìlú ni. Ṣùgbọ́n ìró "kọ́!" náà padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Baba àgbà, Sẹ́nàmi ò sì rí i lé lọ mọ́. Títí wọ́n fi kú ni wọ́n ń jẹ iṣu gígún nìkan.

Ó pẹ́ kí n tó lè bi wọ́n. Mo ti di ìyàwó ilé nígbà náà, mo wá kí wọn, a jọ jókòó sẹ́yìn ilé.

"Baba, kí ló dé tí ẹ ò di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú lọ́jọ́ yẹn? Delegé fúnra rẹ̀ ló fún yín ní ọ̀nà. Ẹ̀ bá ti sùn sílé."

Wọ́n jẹ́ kí ètè pàdé, kí eyín yà. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ronú.

"Mo fẹ́ dì í mú. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo wo Àlàájì, mo rí i pé ẹnu mi ló ń wò, kò wo ti delegé. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò lè pa á bí mi ò bá gbé e." Wọ́n fi ọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. "Bí mo bá dì í mú, àìsàn ló gbà á sílẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ló gbà á."